Ṣé èèpo èkùrọ́ lè tan iná fún abúlé wa?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé kan lẹ́bàá Òkìtìpupa ló kọ̀wé sí mi. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí iná ìjọba ti já ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ilé bí ọgọ́rin ni wá. Epo pupa, gàrí, pupuru àti kòkó díẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Ọkùnrin kan wá bá wa láti Èkó, ó ní òun ní ẹ̀rọ tó ń sọ pàǹtí oko di gáàsì, tí gáàsì náà yóò sì máa gbé jẹnẹrétọ̀ 20 kílówáàtì. Ó ní èèpo èkùrọ́, èèpo ẹ̀gẹ́, lẹ́búlẹ́bú pákó, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè jó, ẹ̀rọ náà yóò jẹ ẹ́. Ó ní iná ọ̀fẹ́ ni, nítorí pé a kì í ra pàǹtí. Ó fẹ́ kí a san ìdajì owó kí oṣù yìí tó parí. Àwọn àgbà ń bi mí, mi ò mọ ohun tí màá wí. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kò ní gbiná mọ́ wa lọ́wọ́? Ṣé ó sàn ju sólà lọ?"

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Akọ̀wé. Ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ kọ, ṣùgbọ́n mo rí ìkẹrin láàárín wọn: owó tí àwọn èèyàn yín dá jọ láti inú epo àti gàrí, ta ni yóò dáhùn fún un bí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Ẹ̀yin ni wọn yóò wá bá nílé. Nítorí náà, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Òótọ́ ni pé a lè sọ igi, èèpo èkùrọ́ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di gáàsì, kí gáàsì náà sì gbé jẹnẹrétọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ó wúlò. Kì í ṣe òótọ́ pé ó ń jẹ ohunkóhun. Kì í ṣe òótọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá sì bi mí ohun tó yẹ kí abúlé bíi tiyín kọ́kọ́ fi í ṣe, ooru ni màá sọ, kì í ṣe iná mànàmáná.

Gásífáyà lorúkọ ẹ̀rọ náà. Bí a bá dáná igi ní gbangba, afẹ́fẹ́ á pọ̀ níbẹ̀, igi á jó tán, ó di eérú. Nínú gásífáyà, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni a ń jẹ́ kó wọlé, bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin èyí tí iná tó jó dáadáa ń fẹ́. Igi á kọ́kọ́ gbẹ lókè. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀, ooru á fọ́ ọ sí èédú àti èéfín tó kún fún ọ̀dà. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ooru lè ju dígírì 1,000 lọ. Lẹ́yìn náà ni èéfín tó ti jó níbẹ̀ yóò gba àárín ẹyin iná kọjá, èédú pípọ́n náà á sì sọ ọ́ di carbon monoxide àti hydrogen, gáàsì méjèèjì tó ṣeé jó. Àwọn tó ń sun èédú nínú igbó lọ́dọ̀ yín ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí tipẹ́, nítorí ìdí tí wọ́n fi ń fi yẹ̀pẹ̀ bo igi mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀: kí afẹ́fẹ́ má baà pọ̀ jù.

Gáàsì tó ń jáde yìí kò lágbára bí gáàsì ìdáná tí ẹ ń rà nínú sìlíńdà, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ nitrogen inú afẹ́fẹ́ tó wọlé, èyí tí kì í jó. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí a bá fi gáàsì yìí gbé fi máa ń pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi ọkùnrin náà: 20 kílówáàtì tí ó wí, ṣé orí bẹntiróòlù ni tàbí orí gáàsì igi? Ẹ jẹ́ kó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, gáàsì lè rọ́pò ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì náà, ó lè tó ìdá méje nínú mẹ́wàá bí ọwọ́ bá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó ṣì máa ra èyí tó kù, nítorí dísẹ́ẹ̀lì ló ń tanná ran gáàsì nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun rárá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Georges Imbert, ló ṣe irú èyí tó gbajúmọ̀ jù, láàárín ọdún 1920 sí 1930. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí epo wọ́n, mọ́tò tó ń fi igi tàbí èédú rìn ní Sweden nìkan ju 70,000 lọ, ti Jámánì tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogun parí tí epo padà dé, kíá ni wọ́n tú ẹ̀rọ náà kúrò lára mọ́tò. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò jù láyé ló kọ́kọ́ pa á tì, kì í sì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ń béèrè lójoojúmọ́ ló sú wọn: kíkó eérú, fífọ asẹ́, gígé igi sí ìwọ̀n, dídúró tì í.

Ọ̀dà ni ọ̀tá ibẹ̀. Nígbà tí gáàsì bá ṣì gbóná, ọ̀dà á máa fò lọ pẹ̀lú rẹ̀, ojú kò ní rí i. Tó bá ti tutù, á dì sára páìpù, á dì sára fáàfù inú ẹ́ńjìnnì, bí epo pupa ṣe ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, àfi pé oòrùn kò lè yọ́ tirẹ̀. Gásífáyà tí gáàsì ti ń gba ìsàlẹ̀ jáde ló dára fún ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ̀dà gbọ́dọ̀ la àárín iná kọjá kó tó jáde, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á sì jó dànù. Síbẹ̀, ó ṣì máa ń ku bíi gíráàmù kan nínú gáàsì mítà kúbíìkì kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù lọ. Asẹ́, omi ìfọ̀ àti ibi ìtutù ló ń yọ èyí tó kù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe ìmẹ́lẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, ẹ́ńjìnnì ni yóò san án.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "ohunkóhun" ti wó lulẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Igi tútù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè jẹ́ omi ní ìdajì. Ó tún gbọ́dọ̀ wà ní ègé tó dọ́gba, kí afẹ́fẹ́ lè máa ráàyè kọjá. Lẹ́búlẹ́bú pákó á dí i pa, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un pọ̀ di ìṣù líle, ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ sì nìyẹn, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Èèpo ẹ̀gẹ́ burú jù: omi inú rẹ̀ pọ̀, yẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, yẹ̀pẹ̀ náà á yọ́ nínú iná, á sì dì bí òkúta sórí irin ìsàlẹ̀. Ẹ má fi í ṣòfò síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ILRI ní Ìbàdàn ti fi hàn bí a ṣe ń rin èèpo ẹ̀gẹ́, tí a ń fún un, tí a ń sá a, tó fi di oúnjẹ ẹran tó ṣeé tà, owó tó wà níbẹ̀ sì dáa ju iná tó lè mú wá lọ. Èèpo èkùrọ́ ni mo fara mọ́. Ó le, ó tètè ń gbẹ, eérú rẹ̀ kò pọ̀, ègé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ iyì rẹ̀ kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sábà mẹ́nu bà. Gásífáyà fẹ́ràn kí iṣẹ́ tó ń ṣe máa pọ̀ tó agbára rẹ̀. Bí ẹ bá gbé 20 kílówáàtì kalẹ̀, tó wá jẹ́ pé lálẹ́, gílóòbù, fáànù àti fóònù tí ẹ ń sáájì kò ju kílówáàtì mẹ́rin lọ, gáàsì tí ẹ́ńjìnnì ń fà á kéré, inú gásífáyà á máa tutù, ọ̀dà á sì pọ̀ sí i. Iná abúlé lálẹ́ kì í pọ̀. Ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tó ń pa èkùrọ́, ẹ̀rọ ìfúnpo, àwọn wọ̀nyí ló ń fún un níṣẹ́ gidi, ọ̀sán ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ibi tí mo ti rí i kó tọ́jọ́, nídìí ilé-iṣẹ́ tó ní pàǹtí tirẹ̀ àti mọ́tọ̀ tirẹ̀ ni: ilé tí wọ́n ti ń pa ìrẹsì, ilé ìlagi. Ọ̀gá kan ló ni pàǹtí, òun náà ló ni ẹ̀rọ, òun náà ló ń jìyà tí iṣẹ́ bá dúró. Ó ń sanwó fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Philippines láàárín ọdún 1980 sí 1990, ìjọba pín irú ẹ̀rọ yìí fún àwọn àgbẹ̀ láti máa fi fa omi sóko. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ni wọ́n pa tì. Ní 1995, World Bank gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn gásífáyà kéékèèké kárí ayé. Àwọn tí wọ́n fi ń pèsè ooru nìkan ṣe dáadáa, àwọn tí wọ́n so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló kó wàhálà bá àwọn tó ni wọ́n. Ní Bihar, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, iléeṣẹ́ Husk Power Systems bẹ̀rẹ̀ ní 2007 lábúlé Tamkuha, wọ́n fi èèpo ìrẹsì tan iná fún àwọn abúlé tí wáyà ìjọba kò dé, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bí ọgbọ̀n kílówáàtì. Ìgboyà ńlá ni, mo sì bọlá fún wọn. Wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé níṣẹ́, àwọn obìnrin ń fi èédú tó ṣẹ́ kù ṣe tùràrí tí wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fi sólà kún un, sólà àti bátìrì sì gba iwájú. Nígbà tí iléeṣẹ́ yìí kan náà dé Nàìjíríà ní 2021, sólà ni wọ́n gbé wá sí àwọn abúlé ìpínlẹ̀ Nasarawa, kì í ṣe gásífáyà.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ti kú. Ní Güssing, ìlú kékeré kan ní Austria, wọ́n lo èyí tó tóbi láti nǹkan bí 2002 títí di 2016: iná mànàmáná mégáwáàtì méjì (ìyẹn kílówáàtì 2,000), ooru mégáwáàtì mẹ́rin ààbọ̀, tí wọ́n fi ń mú ilé móoru. Ìgbà tí owó ìrànwọ́ lórí iná tí wọ́n ń tà tán ni wọ́n tì í pa. Ní apá àríwá British Columbia ní Kánádà, àwọn ará Kwadacha, ọmọ ìbílẹ̀ tí wáyà ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn, fi àwọn gásífáyà kékeré láti Finland dín dísẹ́ẹ̀lì kù. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń mú iná bíi 40 kílówáàtì wá, ṣùgbọ́n ooru bíi 100 kílówáàtì ló ń bá a jáde, wọ́n sì ń fi ooru yẹn mú ilé-ìwé àti ọgbà ẹ̀fọ́ móoru. Ẹ fiyè sí ìṣirò yẹn. Nínú agbára tó wà nínú igi, bí ìdá kan nínú mẹ́fà péré ló ń di iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ kékeré. Èyí tó kù, ooru ni. Ẹni tó bá sọ ooru nù, ó sọ ọ̀pọ̀ jù nínú igi rẹ̀ nù.

Ilé ẹni kankan kò tutù ní Òkìtìpupa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ibi tí iná ti ń jó lójoojúmọ́ lábúlé yín: ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn kí wọ́n tó fún un, ìdí agbada gàrí, ibi ìyángbẹ pupuru. Igi tí wọ́n ń sun níbẹ̀ ju igi tí iná alẹ́ gbogbo ilé yín lè jẹ lọ, àwọn ìyá wa ló sì ń fa èéfín rẹ̀ símú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Níbi tí ooru nìkan bá ti jẹ́ àfojúsùn, a kò nílò láti mú gáàsì tutù tàbí láti fọ̀ ọ́. A ó kàn jó o bó ti gbóná, ọ̀dà tó jẹ́ ọ̀tá ẹ́ńjìnnì á sì jó pẹ̀lú rẹ̀, á fi ooru kún ooru. Kò sí asẹ́, kò sí omi dúdú, kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè bàjẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó mọ irin jó lè tún un ṣe. Ẹ lè kọ́ ààrò gàrí tí gáàsì rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn ògiri wá, kí ẹni tó ń yan gàrí má rí èéfín rárá. Ti kòkó náà ṣe pàtàkì: kòkó tí èéfín bá fọwọ́ kàn, òórùn rẹ̀ kì í lọ, àwọn olùrà sì ń kọ̀ ọ́. Lásìkò òjò tí oòrùn kò ràn, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó gba inú páìpù wá, tí kò kan èéfín, lè gbẹ ẹ́ dáadáa. Pupuru ni n kò fẹ́ dá lé láìbi àwọn tó ń ṣe é, nítorí èéfín wà nínú adùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dán díẹ̀ wò kí ẹ tó pinnu.

Ní ti "ọ̀fẹ́", ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ẹ bá ń lo kílówáàtì mẹ́wàá fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, yúnìtì 50 nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré máa ń jẹ bíi kílò kan ààbọ̀ fún yúnìtì kan, nítorí náà kílò 75 lálẹ́ ọjọ́ kan, tọ́ọ̀nù 27 lọ́dún. Tọ́ọ̀nù ìdì ẹyìn kan lára ọ̀pẹ àgbẹ̀ òde òní máa ń mú èèpo bíi 60 kílò wá; ọ̀pẹ ìbílẹ̀ ń mú jù bẹ́ẹ̀. Ẹyìn kì í pọ̀ láti January dé December, ẹ̀yin náà mọ ìgbà tó ń wọ́n. Ẹ ó nílò ilé ìkópamọ́ tí òjò kò ní wọ̀. Ta ló sì ni èèpo náà báyìí? Lọ́pọ̀ ibi, àwọn obìnrin tó ń pa èkùrọ́ ni. Wọ́n ń fi í dáná, wọ́n ń tà á fún alágbẹ̀dẹ, àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sókè òkun náà sì ń bọ̀ wá rà á. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, iye owó á gorí rẹ̀, ó sì tọ́ kó gorí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìpàdé àwọn ọkùnrin kan ṣoṣo pín ohun ìdáná àwọn obìnrin fún ẹ̀rọ.

Ẹ bi mí bóyá kò ní gbiná. Ó lè bú gbàmù díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ráyè wọ inú páìpù nígbà tí wọ́n ń tan án tàbí tí wọ́n ń pa á, ẹ̀rọ tó dára sì máa ń ní ọmọrí tó ń tú ìfúnpá náà sílẹ̀. Èyí tí mò ń bẹ̀rù jùyẹn lọ ni carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, òun náà ló ń pa ìdílé tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Nínú gáàsì igi, ó lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Àtíbàbà tí kò ní ògiri ni kí ẹ gbé e sí, jìnnà sí ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì sùn tì í. Omi tí wọ́n fi ń fọ gáàsì náà léwu. Ní Cambodia, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé tó ń pa ìrẹsì ti lo ẹ̀rọ yìí, omi dúdú olóòórùn yẹn di ìṣòro ńlá fún wọn. Bó bá dé odò tí ẹ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ẹ ti ba oúnjẹ jẹ́.

Fún iná ilé, sólà àti bátìrì ni màá yàn lónìí. Láàárín 2009 sí 2019, iye owó páńẹ́lì sólà lọ́jà àgbáyé wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ẹnikẹ́ni kò sì ní jí láàárọ̀ láti kó eérú rẹ̀. Ẹ lè lọ wo Gbamu-Gbamu ní Ìjẹ̀bú-East, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀, 85 kílówáàtì, ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ iye tí wọ́n ń san. Bátìrì ni ibi tó ń dunni, yóò fẹ́ pààrọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tọ́jú owó rẹ̀ láti oṣù kìíní. Sólà kò sì lè yan gàrí yín, owó rẹ̀ kò ní ṣeé gbọ́. Nítorí náà, sólà fún gílóòbù, gásífáyà ooru fún ààrò. Bó bá wá ku ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ àti ìfúnpo tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án, tí ọ̀kan nínú yín ní ìṣòwò epo tó lágbára, ìgbà yẹn la lè jókòó sọ̀rọ̀ gásífáyà oní-ẹ́ńjìnnì, kí ooru ẹ́ńjìnnì náà sì máa gbẹ kòkó. Ní ti òfin, ìlànà 2016 láti ọwọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná mànàmáná, gba ètò iná abúlé láàyè; lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, èyí tí kò tó 100 kílówáàtì kò nílò ju kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti 2024 ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ẹ tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀.

N kò tíì dé abúlé yín, n kò sì rí ẹ̀rọ ọkùnrin náà, nítorí náà n kò lè pè é ní oníjìbìtì. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ tó kàn fẹ́ràn ọjà rẹ̀ jù. Ẹ má san ìdajì owó lóṣù yìí. Ẹ sọ fún un kó mú yín lọ síbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kan ti lo ọdún méjì, kó sì jẹ́ ọjọ́ tí kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń dáná sí i ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ẹ bi í ìgbà tó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kẹ́yìn, kó ṣí asẹ́ hàn yín, kó sì fi ibi tí omi ìfọ̀ ń ṣàn lọ hàn yín. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́la láti máa wọn èèpo èkùrọ́ tó ń jáde lábúlé yín lórí ìwọ̀n, lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ṣírò ààrò àkọ́kọ́.